Òrùka inú tíìkì bàbá wa ju ọdún tí wọ́n gbìn ín lọ. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Gidi
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ di ìjà, mo sì mọ̀ pé àwọn onígẹdú, àgbẹ̀ àti olùkọ́ wà níbí.

Bàbá wa (Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere) ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ìtòíkín lọ́dún 2007. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2008, ni wọ́n gbin tíìkì sí i. Ó dá wa lójú, torí ọdún yẹn náà ni wọ́n bí àbúrò wa tó kéré jù. Láìpẹ́ yìí, a gé díẹ̀ nínú igi náà kí ìyókù lè rí àyè sanra. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹni tó ta ilẹ̀ ṣe dé nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kùkùté, ó ń fi èékánná ka òrùka, ìyẹn àwọn ìlà tó yí po nínú igi, ó ní 23 lòun rí. Ó ní igi tó bá ní òrùka 23 ti wà lórí ilẹ̀ kí bàbá wa tó rà á, pé ilẹ̀ ni bàbá àwọn tà, wọn ò ta igi mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ ká pín owó gẹdú.

Èmi náà kà á, iye tí mo rí kò jìnnà sí tirẹ̀. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ojú-ọjọ́ tiwa níbí, ṣé òrùka kan ni ọdún kan lóòótọ́?

Onígẹdú_Ìkòròdú
Àbúrò, kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ìdí gẹdú ni mo dàgbà sí ní Ìkòròdú, ohun tí ọ̀gá mi sì kọ́ mi ni pé òrùka kan, ọdún kan. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí. Arère tí wọ́n ń kó wá láti igbó J4 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bó ti wù kéèyàn wò ó, kò ní rí òrùka tó dúró dáadáa. Ìrókò ní ìlà, àmọ́ ìlà rẹ̀ máa ń wọnú ara wọn. Afàrà sàn díẹ̀. Tíìkì ló ń fi ara rẹ̀ hàn jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ kà.

Tíìkì tó wá láti apá òkè, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti le, kì í jọ tíìkì etí ọ̀sà lójú ayùn. Ti òkè, ìlà rẹ̀ mọ́ kedere, ó jìnnà síra. Tiwa níbí máa ń ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín méjì tó nípọn. Bí mo bá bi àwọn àgbà nípa rẹ̀, wọ́n á ní igi ni igi ń jẹ́.

Ẹ̀rọ ìgégi lẹ fi gé e, àbí ayùn ọwọ́? Ẹ̀rọ máa ń ha ojú igi, èèyàn á sì ka ibi tó ha mọ́ òrùka.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Gidi
Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun.

Tíṣà_Igi
Ẹ̀gbọ́n Onígẹdú ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ n bá wọn fẹ̀ ẹ́.

Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ òrùka igi di ẹ̀kọ́, òtútù ló ń dá igi dúró. A. E. Douglass, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Arizona nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n sì dá ilé ìwádìí òrùka igi sílẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ lọ́dún 1937. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà òtútù á dé, igi á sùn. Ooru á dé, igi á jí. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún. Òrùka kan, ọdún kan, kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn, ó sì tọ̀nà fún ibi tó ti wá.

Lọ́dọ̀ tiwa, òtútù kọ́ ló ń dá igi dúró, àìsí omi ni. Bí èèyàn bá bó èèpo igi lásìkò òjò, á rí i pé abẹ́ rẹ̀ ń yọ̀. Awọ tútù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀. Òun ló ń ṣe igi tuntun sínú, tó sì ń ṣe èèpo síta. Bí omi bá wà nínú ilẹ̀, á máa ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, àwọn ihò kéékèèké abẹ́ ewé á pa dé kí omi inú igi má baà tán. Ihò kan náà ni ewé fi ń fa afẹ́fẹ́ tó fi ń se oúnjẹ, nítorí náà bó ṣe tì í pa, oúnjẹ dín kù nìyẹn, awọ tútù náà á sì sinmi. Ẹ bó èèpo igi kan náà lóṣù Kìíní, ẹ ó rí i bó ṣe lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Tíìkì tilẹ̀ máa ń wọ́ ewé rẹ̀ dànù pátápátá nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ní nǹkan bí oṣù Kẹta, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni àwọn ihò omi ńláńlá, kó lè yára gbé omi lọ bá ewé tuntun. Wọ́n máa ń tò lórí ìlà kan yí igi po. Ìlà ihò yẹn ni ọdún tuntun.

Wàyí o, òjò tiwa kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń rọ̀ láti oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin títí di oṣù Keje, á wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn èèyàn ń pè é ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì, lẹ́yìn náà òjò àrọ̀kúrò á tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Bí bíréèkì yẹn bá gùn tí ilẹ̀ sì jẹ́ oníyanrìn, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ sẹ́yìn bíi pé ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Igi tó bá ṣe lásìkò yẹn á ki, á dúdú díẹ̀. Òjò àrọ̀kúrò á dé, á tún na ara rẹ̀. Ìlà ti wà níbẹ̀, ọdún kò sì tíì parí. Kòkòrò tó bá jẹ gbogbo ewé igi láàárín ìgbà òjò lè fà á bákan náà, iná inú igbó náà lè fà á.

Ní ti tíìkì yín, bí wọ́n bá gbìn ín lọ́dún 2008 tó sì ní ìlà 23, kò yà mí lẹ́nu rárá.

Ìyá_Ẹlẹ́ja
Ṣé kùkùté lẹ fẹ́ gbé lọ sí kóòtù ni? Adájọ́ á ní kó kọ́kọ́ búra ná 😂

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Gidi
Ìyá mi, bó bá máa búra, Ògún ló máa fi búra, torí irin la fi gé e 😂

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Báwo wá ni mo ṣe máa fi han ẹnì kejì pé ìlà kan kì í ṣe ti ọdún? Bí mo bá kàn sọ pé "èyí ò kà", á ní mo ń yọ èyí tó wù mí.

Tíṣà_Igi
Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Ìlà ọdún máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì: igi tó ki, lẹ́yìn náà ihò ńláńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlà bíréèkì kì í ní ihò ńlá yẹn. Á máa dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á tún máa funfun lọ díẹ̀díẹ̀. Èkejì, ẹ fi ọ̀bẹ tọ ìlà náà yí igi po. Ìlà ọdún sábà máa ń pàdé ara rẹ̀. Ìlà bíréèkì sábà máa ń pòórá lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí àwọn ìlà tó ń dà yín láàmú pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ sítòsí ọkàn igi ni wọ́n kó jọ sí, ìgbà tí igi wà ní kékeré nìyẹn, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì rí omi ìsàlẹ̀ fà.

Ẹ má sì dúró lórí igi ẹyọ kan. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le á fún gbogbo igi oko yẹn ní òrùka tín-ín-rín, nítorí náà ẹ gé ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ wá òrùka tín-ín-rín kan tó hàn nínú gbogbo wọn, kí ẹ fi ṣe àmì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀ lọ sínú àti lọ síta. Bí iye tó wà láàárín àmì yẹn àti èèpo kò bá dọ́gba nínú igi mẹ́rin tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà, ẹ ti rí i pé ìlà èké wà níbì kan.

Àgbẹ̀_Agbówà
Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kì í jẹ́ ká mí. Ojú-ọjọ́, ojú-ọjọ́. Ilẹ̀ ni mo mọ̀. Mo gbin tíìkì sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbin òmíràn sísàlẹ̀ lẹ́bàá àbàtà, ọjọ́ kan náà, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn lórí. Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti nípọn tó ìbàdí ọkùnrin. Ti ìsàlẹ̀ ti kú tán, èyí tó kù ń tiro. Ṣé ojú-ọjọ́ méjì ló wà lórí oko mi ni?

Tíṣà_Igi
Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Òjò ló ń fúnni lówó, ilẹ̀ ni àpò. Àpò tó jò kò ní ṣẹ́ nǹkan kù di oṣù Kìíní, àpò tó kún àkúnya á sì tì í mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò tíìkì nílò afẹ́fẹ́. Omi tó bá dúró lórí rẹ̀ fún oṣù méjì á pa á lára bí ọ̀dá ṣe ń pa á lára. Ibi tí ojú-ọjọ́ ti wọ oko yín ni pé ọdún tí òjò bá pọ̀ jù ni ti ìsàlẹ̀ ń jìyà, ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn ni ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń jìyà. Bí ẹ bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, òrùka tín-ín-rín wọn kò ní bọ́ sí ọdún kan náà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye òjò tó rọ̀ lápapọ̀ ló ń mú igi sanra. Níbi tí òjò ti ń tó 1,500 mìlímítà lọ́dún bíi tiwa, láàárín oṣù Karùn-ún sí Keje omi ti pọ̀ ju èyí tí igi lè mu lọ. Ìkùukùu tún bo oòrùn, pàápàá lóṣù Keje àti Kẹjọ, ewé kò rí ìmọ́lẹ̀ tó. Kí òjò oṣù Kẹfà tún lé díẹ̀ kò mú nǹkan kan kúrò, kò fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n bí òjò mélòó kan bá rọ̀ láàárín oṣù Kejìlá, tí oòrùn sì ń ràn, igi tí kò wọ́wé á jẹun yó. Lọ́dún 2022, Pieter Zuidema àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó òrùka igi jọ láti ibi 347 káàkiri ilẹ̀ olóoru, ohun tí wọ́n sì rí nìyẹn: bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe rí ló ń sọ bí igi ṣe máa sanra sí lọ́dún, ju bí ìgbà òjò ṣe rí lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná tó sì gbẹ ni òrùka rẹ̀ ń tín-ín-rín.

Ìyá_Àgbọn_Àgbádárìgì
Ẹ má bínú o, mo ń bá yín dá sí ọ̀rọ̀ tíìkì. Àgbọn ni mo mọ̀, àgbọn kì í sì ní òrùka nínú. Ẹ là á, ẹ ó rí okun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ káàkiri ni. Ara rẹ̀ lóde ló ń kọ̀wé sí.

Gbogbo imọ̀ tó bá jábọ́ á fi àpá sílẹ̀ yí igi po. Àgbọn tára rẹ̀ le ń yọ imọ̀ bíi 12 sí 14 lọ́dún, nítorí náà àpá 12 sí 14 ni ọdún kan. Bó bá rí omi mu, àpá á jìnnà síra, èèyàn á lè fi ọwọ́ odindi sáàárín wọn. Ọdún tí nǹkan bá le, àpá á sún mọ́ra. Igi kan wà lẹ́yìn ilé wa lápá Àjárá. Láti ìdí títí dé ibi àyà ọkùnrin, ó nípọn dáadáa. Lókè ibẹ̀, lójijì ó fún bí ìbàdí, àwọn àpá ibẹ̀ sì há mọ́ra débi pé ìka mi ò wọlé. Bó ṣe kọjá ibẹ̀ ló tún nípọn padà. Ìbàdí yẹn kò ní kún láéláé. Igi yòókù lè sanra lẹ́yìn ìyà, àgbọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ṣe tán níbì kan, ó ti ṣe tán. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gun àgbọn fún wa kì í fẹ́ gun irú rẹ̀, wọ́n ní ó lè ṣẹ́ nínú atẹ́gùn.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn oníbàárà ni ti èso. Wọ́n á dé láti Mílè-Kejìlá, wọ́n á ní, "Ìyá, òjò mà rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, kí ló dé tí àgbọn yín rí kíńkínní?" Mo ní òjò ọdún yìí kọ́ ni ẹ̀ ń rà. Láti ìgbà tí òdòdó bá là títí tí àgbọn fi gbó, ó tó ọdún kan. Kí òdòdó náà tó là, ó ti wà nínú orí igi lọ́hùn-ún fún ohun tó lé lọ́dún méjì, èèyàn ò rí i. Bí ọ̀dá bá dé nígbà tó ṣì wà nínú, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ìyà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí tàbí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú àpò.

Àgbẹ̀_Agbówà
Ìyá, ọ̀pẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ọ̀pẹ á wà, á tutù yọ̀yọ̀, á kàn máa ya akọ ṣáá, kò sí ẹyìn. Àwọn ọmọ á ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é.

Tíṣà_Igi
Wọn ò fi nǹkan kan ṣe é, bàbá. Òdòdó ọ̀pẹ ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo láti nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì kó tó là. Bí omi bá wọ́n ún lásìkò yẹn, akọ ni yóò yà, torí ìdì ẹyìn ń gba oúnjẹ púpọ̀ ju òdòdó akọ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó fà á, ẹ ronú sẹ́yìn sí ẹ̀ẹ̀rùn tó ti kọjá, kì í ṣe èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Awakọ̀_Sẹ̀mẹ̀
Mo ń kó ẹrù láti Àgbádárìgì lọ sí Lomé àti Accra, mo ti ń ronú sí nǹkan kan tipẹ́. Láti Ẹ̀pẹ́ yín wá, igbó dúdú. Bí èèyàn bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, igi á máa kéré. Kútọnu, Lomé, koríko ti pọ̀, igi osè tí a mọ̀ sí ti òkè ọya ti dúró létí òkun. Accra náà gbẹ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kọjá Accra lọ sí Takoradi, igbó dúdú tún padà. Etíkun kan náà, òkun kan náà. Kí ló jẹ igbó àárín yẹn?

Tíṣà_Igi
Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ríran o. Àwọn onímọ̀ mọ ibẹ̀ dáadáa, àlàfo Dahomey (orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ olómìnira Bẹ̀nẹ̀) ni wọ́n ń pè é. Igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já sí méjì níbẹ̀. Accra ń rí nǹkan bí 800 mìlímítà òjò lọ́dún, Kútọnu bíi 1,300, Èkó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun méjì ló fà á tó yé èèyàn kíákíá. Etíkun ibẹ̀ nà gba ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ òjò ń gbà, nítorí náà afẹ́fẹ́ náà ń fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ dípò kó forí lu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án, omi tútù ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní iwájú Gánà àti Tógò. Omi tútù kì í jẹ́ kí òjò gbéra dáadáa.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ ayé. Wọ́n wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì rí àtíkè òdòdó igi igbó nínú ẹrẹ̀ àtijọ́. Igbó wà níbẹ̀ rí. Nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni òjò dín kù, koríko sì gba ibẹ̀. Àgbádárìgì wà ní ẹnu àlàfo yẹn gan-an, Ẹ̀pẹ́ sì wà nínú igbó. Nítorí náà, tíìkì Ẹ̀pẹ́ àti tíìkì Àgbádárìgì tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ dọ́gba, bó bá tilẹ̀ jẹ́ irúgbìn kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀jọ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé CO2, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ni igi ń jẹ. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó dé, ó wà ní bíi 280 nínú mílíọ̀nù kan nínú afẹ́fẹ́, ó ti ju 420 lọ báyìí. Ṣé kò yẹ kí igi ìsinsìnyí máa sanra ju ti àwọn bàbá wa lọ? Ó yẹ kí àwọn onígẹdú máa dúpẹ́ ni.

Onígẹdú_Ìkòròdú
Ọmọ mi, dúpẹ́ ibo? Gẹdú tó ń wọ sọ́mìlì nísinsìnyí, ìdajì èyí tí mo bá nídìí iṣẹ́ ni.

Tíṣà_Igi
Ti ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ayùn nìyẹn, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí igi gbó mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ dára. Lọ́dún 2015, Peter van der Sleen àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo òrùka inú igi tí iye wọn ju 1,100 lọ láti Bòlífíà, Kamẹrúùnù àti Táílándì, tó gba 150 ọdún. Wọ́n rí i pé igi ń ná omi díẹ̀ lórí oúnjẹ kan náà, torí ihò ewé kò ní láti là tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kò sanra sí i. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń mú èèyàn dàgbà: ilẹ̀ lè máà ní èròjà tó, ooru òru lè máa jẹ èyí tí igi bá kó jọ lọ́sàn-án.

Èyí kò sọ pé igbó wa ti kú o. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe nínú igbó orílẹ̀-èdè Áfíríkà 11, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan ń kó nǹkan bí 0.66 tọ́ọ̀nù kábọ́nì pa mọ́ lọ́dọọdún fún ọgbọ̀n ọdún títí di 2015, nígbà tí ti igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń dín kù. Ní Gánà, tí òjò rẹ̀ dín kù fún bí ogún ọdún, àwọn igi tó mọ̀ ọ́n yí pẹ̀lú ọ̀dá, àwọn tó máa ń wọ́wé, ni wọ́n ń pọ̀ sí i, àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rinrin sì ń fà sẹ́yìn. Igbó wà, àmọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń yí padà.

Onígẹdú_Ìkòròdú
Ṣé ìyẹn ni pé arère àti afàrà á pọ̀, ọ̀gànwó á wọ́n?

Tíṣà_Igi
Arère ń wọ́wé, afàrà náà. Bí ọ̀dá nìkan bá ni, wọ́n lè ríṣẹ́ ṣe. Mi ò ní fi owó mi lélẹ̀ lé ọ̀gànwó lórí.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Gidi
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ẹ̀gbọ́n Onígẹdú pè mí lórí fóònù (ẹ ṣeun, sà), wọ́n sì tọ́ mi sọ́nà. A gé ojú tuntun lára igi mẹ́ta nísàlẹ̀ pátápátá, a sì jẹ́ kó gbẹ. A fi sáńpépà líle ha á, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, títí ojú igi fi ń dán bíi tábìlì. Mo pe ọmọkùnrin tó ń bá wa jà pé kó wá, àwa méjèèjì jókòó tì í.

Bí a ṣe fi omi díẹ̀ nù ún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú igi kan náà, láti ọkàn rẹ̀ sí èèpo níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, a ka 23. Níhà kejì, 18. Ìlà márùn-ún ló ti pòórá kó tó yí dé ibẹ̀, mẹ́rin nínú wọn sì wà láàárín ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, sítòsí ọkàn. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ tọ ọ̀kan, ọ̀bẹ rìn títí, ìlà tán. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní "Èyí tó yí po ńkọ́?" A ka àwọn tó yí po nínú igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì bára mu, ẹ̀kẹta fi ẹyọ kan jù wọ́n lọ. Òrùka tín-ín-rín kan sì wà tó hàn nínú gbogbo wọn, bí Tíṣà ṣe sọ.

Ìjà ti rọlẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìdílé wọn ní ojú tiwa méjèèjì kò tó, pé àwọn fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ara wa. Ta la lè gbé e fún?

Tíṣà_Igi
Wọ́n gbọ́n. Ẹ gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ igbó, FRIN, ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn. Láti 1954 ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ igbó. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tóbi wo ihò omi ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún wọn bóyá ọmọ igi láti nọ́sìrì ni bàbá gbìn, torí ó lè ti lo ọdún kan níbẹ̀ kó tó dé oko. Ẹyọ tó lé yẹn lè ti ibẹ̀ wá.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì le, ọ̀nà kan wà tí kò ní àríyànjiyàn, àfi pé ó wọ́n, òkè òkun ni wọ́n sì máa ń ṣe é jù. Láàárín ọdún 1950 sí 1963, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú afẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, irú kábọ́nì kan tí wọ́n ń pè ní C-14 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1963 tó ní kí wọ́n yé dán an wò nínú afẹ́fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Igi ń fa afẹ́fẹ́ ọdún rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ẹ̀rún kékeré láti ìtòsí ọkàn igi yín ti tó láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ 2002 ló wà níbẹ̀ tàbí ti 2008.

Ìyá_Ẹlẹ́ja
Bọ́ǹbù tí wọ́n jù nígbà tí mi ò tíì lọ́kọ ló wá ń bá yín pín ogún ní Ẹ̀pẹ́. Ayé yìí!

Onígẹdú_Ìkòròdú
Àbúrò, kó o tó gbé e lọ sí Ìbàdàn, má fi ọ̀rá wé e. Ọ̀rá á jẹ́ kó làágùn, á hu olú, ojú rẹ̀ á sì dúdú kó tó dé. Bébà ìròyìn ni kó o fi wé e, kó o fi okùn dì í yíká kó má baà là nínú ọkọ̀. Fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́mbà igi sẹ́yìn rẹ̀, kó o sì fi ọfà tọ́ka sí ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Kí ọmọkùnrin yẹn náà fọwọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wé e, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyókù gẹdú yẹn, ẹ fi igi tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nísinsìnyí, òjò ti ń ṣú.